Náírà Kan Tí Ó Ṣẹ́kù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí pé bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, orí náírà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lónìí, náírà kan tí kò lè ra omi inú ọ̀rá, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò sì tíì fi ojú kàn rí. Náírà kan yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé bàbá mi ká. Òun náà ni ó sì kọ́ mi ní ìṣirò tí n kò mọ̀ ní gbogbo ọdún tí mo fi jókòó ní kíláàsì. Òǹkà ńlá kan ni ó bá a rìn. Òǹkà náà ni 142,857. Bí ẹ bá jí mi ní òru tí ẹ bi mí léèrè rẹ̀, n óò kà á láìṣì kan.

Awakọ̀ ni bàbá mi. Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan ni ó fi ń kó iṣu àti èédú láti ilẹ̀ Ìgbómìnà lọ sí Ìlọrin àti Ìbàdàn, òun ni ó sì fi bọ́ ìyàwó méjì àti ọmọ méje. Ìyá mi ni ìyáálé. Ọmọ márùn-ún ni ó bí, èmi ni ìkẹrin. Ìyá Kékeré, tí í ṣe ìyàwó kejì, bí ọmọ méjì. Ní ọdún 2019 ni ọlọ́jọ́ dé bá bàbá wa. Nígbà tí a ti ṣe ètò ìsìnkú tán, ẹbí pé jọ lórí ohun tí ó fi sílẹ̀. Ilé kò ṣeé tà, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo wa ń gbé. Oko kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, ti ẹbí ni. Ọkọ̀ nìkan ni ó ṣeé tà. Ẹni tí ó rà á san mílíọ̀nù kan náírà géérégé. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni olórí ẹbí wa pè é, nítorí pé ẹnu àwọn àgbà kò tíì gba mílíọ̀nù.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni àwọn Yorùbá ń gbà pín ogún. Bí a bá pín in ní ìdí-igi, ojú ìyá ni a ó wò: ìdajì fún ilé ìyá mi, ìdajì fún ilé Ìyá Kékeré, ìyá tí ó bí márùn-ún àti ìyá tí ó bí méjì yóò gba ọgbọọgba. Bí a bá pín in ní orí-ò-jorí, iye ọmọ ni a ó wò, orí kọ̀ọ̀kan yóò sì gba iye kan náà. Àwọn kan ń retí pé ìjà yóò bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Kékeré fúnra rẹ̀ ni ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó sì wí pé ọmọ ọkùnrin kan náà ni gbogbo wa, kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí. Ẹ rò ó wò. Nípa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, obìnrin náà yọ̀ǹda owó tí ó ju ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lọ. Gbogbo ẹbí dìde, wọ́n sì kí i. Mo rí omijé ní ojú ìyá mi.

Èmi tí wọ́n ní mo mọ̀wé ni wọ́n gbé iṣẹ́ pípín náà fún. Mo mú ẹ̀rọ ìṣirò, mo fi méje pín mílíọ̀nù kan, mo sì kọ èsì rẹ̀ sórí ìwé báyìí:

Orí kọ̀ọ̀kan: 142,857
Ilé Ìyá Àgbà, ọmọ márùn-ún: 714,285
Ilé Ìyá Kékeré, ọmọ méjì: 285,714
Àpapọ̀ rẹ̀: 999,999

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Kékeré wà ní ìjókòó náà. Aránṣọ ni, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ni a sì ń pè é: Bàbá Aránṣọ. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wọ dígí ojú rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn títí. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ dákun, ẹbí, ṣé èmi nìkan ni mo rí ohun tí mo rí yìí? 714 ni ọmọ yìí kọ́kọ́ kọ fún ilé ìyá rẹ̀, ó wá fi 285 tì í lẹ́yìn. Nígbà tí ó kan ilé àbúrò mi, 285 náà ni ó gbé síwájú, ó fi 714 kan náà tì í lẹ́yìn. Òǹkà kan ṣoṣo ni ó yí sódì. Ta ni ó pín owó rí tí ó rí irú èyí?”

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo wo ìwé náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí. Èmi tí mo kọ ọ́ kò tilẹ̀ ṣàkíyèsí. Mo sọ pé, “Ẹ̀rọ ni ó sọ bẹ́ẹ̀, sà.”

Ó dáhùn pé, “Ẹ̀rọ kì í ṣe ará ilé yìí, ìwọ ni mo bi.” Lẹ́yìn náà ni ó béèrè èyí tí ó burú jù: “Mílíọ̀nù kan ni a tà ọkọ̀. Ohun tí o kọ sílẹ̀ kò pé mílíọ̀nù kan. Náírà kan dà?”

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Náírà kan! Ẹ dà á nù, ẹ jẹ́ kí a máa lọ sílé.” Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà níbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìtìjú ti bò mí, n kò sì mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Ìyá Kékeré kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó ní ohun tí ẹbí bá ti wí ni òun fara mọ́, ó sì wọ inú yàrá rẹ̀ lọ.

A pín owó náà bí mo ti kọ ọ́. Láti ilé ìfowópamọ́ ni a ti fi í ránṣẹ́ sí oníkálukú; àpò ẹ̀gbọ́n mi ni owó iṣẹ́ báńkì ti jáde, náírà kan sì wà níbẹ̀ tí kò ní olówó. Láti ọjọ́ náà ni ilé kò ti gún mọ́. Bí mo bá kí Ìyá Kékeré, yóò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò ní béèrè bí mo ti jẹun mọ́. Àwọn àbúrò mi méjèèjì kò bá wa ti ọwọ́ bọ abọ́ kan náà mọ́. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó lọ gba yàrá kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bá ẹnì kan jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìjà tí a kò fi ẹnu jà ni kì í tètè parí.

Ẹrù yìí ni mo gbé wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí. Yorùbá ni mo wá kọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò gbogboogbò jẹ́ dandan fún gbogbo wa, mo sì jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì bí àlejò. Ní ọjọ́ kan olùkọ́ wa ní kí a kó ẹ̀rọ ìṣirò pamọ́, kí a fi ọwọ́ pín ení fún òǹkà kọ̀ọ̀kan láti orí èjì títí dé ẹ̀sán, bí a ó ti ṣe é níwájú àwọn ọmọ tí a ó lọ kọ́. Nígbà tí mo dé orí èje, tí 1, 4, 2, 8, 5, 7 bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ kálámù mi, ọwọ́ mi gbọ̀n. Olùkọ́ náà ń rìn kọjá, ó wo ìwé mi, ó sì wí pé, “Má wo èsì nìkan. Wo ohun tí ó ń ṣẹ́kù.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí a jọ wò ó. Ká sọ pé náírà kan ni a fẹ́ pín fún ènìyàn méje. Kò lè kárí ní odidi, nítorí náà a ó ṣẹ́ ẹ sí ọ̀nà mẹ́wàá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 1, ó ku 3. A tún ṣẹ́ ẹ̀ta náà sí mẹ́wàá mẹ́wàá, ó di 30. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 4, ó ku 2. Èjì di 20. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 2, ó ku 6. Ẹ̀fà di 60. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 8, ó ku 4. Ẹ̀rin di 40. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 5, ó ku 5. Àrún di 50. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 7, ó ku 1. A ti padà sí ibi tí a ti gbéra. Ení ni a mú bọ̀ wá láti ilé, ení náà ni ó tún wà lọ́wọ́ wa. Ohun tí a ti ṣe ni a ó tún máa ṣe, títí láé: 0.142857142857, kò ní òpin.

Ẹ wò ó bí àwọn àṣẹ́kù náà ti tẹ̀lé ara wọn: 1, 3, 2, 6, 4, 5. Bí ènìyàn bá fi méje pín nǹkan, tí ìyókù sì wà, ìyókù náà kò lè ju mẹ́fà lọ. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó jáde níbí, ìkọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a tó padà dé ilé. Inú èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè Bàbá Aránṣọ wà. Bí ó bá jẹ́ náírà méjì ni a fẹ́ pín fún ènìyàn méje, kì í ṣe ìrìn àjò tuntun ni a ó rìn. A ti bá èjì pàdé ní ojú ọ̀nà. Níbi tí ó ti ku 2 ni a ó ti wọlé, a ó sì máa ká ohun tí ó tẹ̀lé e: 2, 8, 5, 7, 1, 4. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, níbi tí ó ti ku 5 ni a ó ti wọlé: 7, 1, 4, 2, 8, 5. Ilé ọmọ méjì àti ilé ọmọ márùn-ún ń rìn lójú ọ̀nà kan náà, ibi tí oníkálukú ti wọ ọ̀nà ni kò jọra. N kò yí òǹkà sódì. Òǹkà náà ni ó ń yí ara rẹ̀.

Mo kó gbogbo ìlọ́po rẹ̀ jọ:

Ìlọ́po kan: 142,857
Ìlọ́po méjì: 285,714
Ìlọ́po mẹ́ta: 428,571
Ìlọ́po mẹ́rin: 571,428
Ìlọ́po márùn-ún: 714,285
Ìlọ́po mẹ́fà: 857,142
Ìlọ́po méje: 999,999

Fígọ̀ mẹ́fà kan náà ni ó ń jó yíká, tí kò sí èyí tí ó kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, títí a fi dé ìlọ́po méje tí gbogbo wọn di ẹ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlọ́po mẹ́jọ fún wa ní 1,142,856. Bí ẹ bá sì mú ení tí ó wà níwájú pátápátá, tí ẹ fi kún ẹ̀yìn, 142,857 ni ẹ ó tún bá níbẹ̀.

Mo kọ fígọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yí òbìrí kan ká bí ẹni tí ń tò àga yí àwo oúnjẹ ká. Mo rí i pé 1 kojú sí 8, 4 kojú sí 5, 2 kojú sí 7. Èyíkéyìí tí ó bá kojú sí ara wọn, ẹ̀sán ni àpapọ̀ wọn. Mo kọ àwọn àṣẹ́kù náà yíká bákan náà: 1 kojú sí 6, 3 kojú sí 4, 2 kojú sí 5. Àpapọ̀ ti àwọn wọ̀nyí jẹ́ èje. Ìdí nìyẹn tí ìwé mi fi rí bí ó ti rí. Èjì àti àrún, ilé méjì tí ó pé ọmọ méje, ń kojú sí ara wọn lórí òbìrí, nítorí náà ìdajì iwájú ti ọ̀kan ni ìdajì ẹ̀yìn ti èkejì. Bí ẹ bá ya òǹkà náà sí méjì, 142 àti 857, àpapọ̀ wọn jẹ́ 999. Bí ẹ bá yà á sí mẹ́ta, 14 àti 28 àti 57, àpapọ̀ wọn jẹ́ 99. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Midy ti kọ̀wé lórí irú ìdajì àti ìdajì báyìí ní ọdún 1836. Kí ó tó dìgbà náà, Gauss, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ìdá tí ń yí po báyìí nínú ìwé ńlá rẹ̀ ti ọdún 1801.

Àrà mìíràn tún wà tí ó dá tèmi lọ́rùn jù, nítorí pé ó kan iṣẹ́ wa. Bí ẹ bá sọ 142,857 di púpọ̀ ní iye ara rẹ̀, 20,408,122,449 ni ẹ ó rí. Ẹ gé e sí méjì, kí ẹ fi fígọ̀ mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́yìn: 20,408 àti 122,449. Ẹ ro wọ́n pọ̀. 142,857 ni. Orúkọ D. R. Kaprekar ni wọ́n fi ń pe àwọn òǹkà tí ó ń ṣe báyìí lónìí. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ bíi tiwa ni ọkùnrin náà ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì. Ó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀sán, ó sì ń fi òǹkà ṣeré fún ara rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1986. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀dọ̀ olùkọ́ ọmọdé ni ọgbọ́n pin sí.

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣé èje nìkan ni ó ní irú àrà yìí. Rárá o. Ẹ̀ta kò ní i, nítorí pé 3 nìkan ni ó ń tún ara rẹ̀ sọ níbẹ̀. Ẹ̀tàlá sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ pín sí méjì: 076923 ń yí lọ́tọ̀, 153846 ń yí lọ́tọ̀, èkínní kì í sì í bá èkejì pàdé. Ẹ̀tàdínlógún ní i ní tirẹ̀, fígọ̀ mẹ́rìndínlógún ni ó fi ń yí: 0588235294117647. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, òdo ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo òǹkà tí ń yí po báyìí ní ọ̀nà tí a ń gbà kọ òǹkà, tí fígọ̀ wọn sì ju ẹyọ kan lọ, 142,857 nìkan ni kò fi òdo ṣíwájú. Bóyá irú wọn lópin tàbí kò lópin, ọ̀mọ̀wé Emil Artin ti sọ èrò tirẹ̀ ní ọdún 1927 pé wọn kò lópin, títí di òní kò sì tíì sí ẹni tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibí yìí, Yorùbá tí mo wá kọ́ pè mí padà. Mo bi ara mi pé, kí ni àwọn baba wa ìbá pe òǹkà yìí? Ní ayé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni ó wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. 142,857 jẹ́ ọ̀kẹ́ méje, ó lé ẹgbẹ̀rìnlá, ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Bí a bá kó o sílẹ̀ ní owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ méje, ẹgbàá kan, okùn mọ́kànlélógún àti ẹyọ mẹ́tàdínlógún ni. Ẹ ò rí i pé ijó tí ó ń jó pòórá? Fígọ̀ kankan kò yí po mọ́. Aṣọ tí a fi ìdá mẹ́wàá wọ̀ fún un ni ó fi ń jó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ti ara òǹkà náà kò kúrò níbẹ̀. Ẹ kó irú òkìtì bẹ́ẹ̀ méje jọ, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni, ó dín ẹyọ kan. Ẹyọ kan náà kò sọnù, ìbáà jẹ́ fígọ̀ ni a fi kọ ọ́, ìbáà jẹ́ okùn ni a fi sín in. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí ó pilẹ̀ òǹkà náà, ẹ sọ 27 di púpọ̀ ní ìlọ́po 11, kí ẹ sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀ ní ìlọ́po 13, kí ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìlọ́po 37. Ibẹ̀ ni ẹ ó bá a.

Ní ìsinmi oṣù Kejìlá ọdún 2023, mo lọ kí Ìyá Kékeré ní yàrá tí ó ń gbé. Gààrí ni ó ń tà. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sì wí fún un pé ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ bàbá wa ni mo bá wá. Ó ní òun ti gbàgbé rẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, mà, èmi kò gbàgbé.” Mo tọrọ àtẹ kan àti àgbàdo ìkúnwọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ẹfun fa igun méje sórí àtẹ, igun kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo sì dárúkọ wa níkọ̀ọ̀kan. Mo fi hóró mẹ́wàá dípò náírà kan tí a ṣẹ́, mo pín in kárí, ó ku mẹ́ta. Mo sọ mẹ́ta di ọgbọ̀n, mo tún pín in. Nígbà tí ó di ìgbà kẹta, ó ti fi owó gààrí sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pín in. Ní ìgbà kẹfà, ó ku hóró kan ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wò ó.

Ó ní, “Èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ náà nìyí.”

Mo ní, “Òun ni, mà.”

“Ṣé òun ni ó ń tì wọ́n káàkiri?”

“Òun ni, mà. Bí kò bá ṣẹ́kù, wọn kò ní yí.”

Lẹ́yìn náà ni mo fi ìwé ọjọ́sí hàn án. Mo fi ìka tọ́ ibi tí ilé wọn ti wọ ọ̀nà àti ibi tí ilé wa ti wọ̀ ọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí ó wá sọ kò kúrò ní etí mi títí di òní: “Ọjọ́ náà ni ó yẹ kí o ti jókòó ṣe èyí. N kò bínú nítorí owó. Owó ni mo fi ẹnu ara mi yọ̀ǹda. Ohun tí ó dùn mí ni pé ẹ̀gbọ́n mi béèrè ọ̀rọ̀, ẹ sì fi rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń wọn gààrí, bí oníbàárà bá bi mí léèrè èyí tí kò kún kóńgò, mo gbọ́dọ̀ fi hàn án, kódà bí n óò bá fi ṣe èènì.”

N kò rí èsì fọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ó mú ìwé náà lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá Aránṣọ kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́. Odidi ọjọ́ méjì ni ó fi jókòó ti ìwé náà, tí ó ń fi ọwọ́ sọ òǹkà di púpọ̀ lẹ́yìn páálí tí ó fi ń gé aṣọ, láti orí ìlọ́po kan títí dé ìlọ́po méje. Ní ọjọ́ kẹta ó ránṣẹ́ pè mí. Kò tọrọ àforíjì, n kò sì retí rẹ̀, nítorí pé àgbà ni, kò sì ṣẹ̀. Ó kàn wí pé, “Ní ìdí iṣẹ́ tèmi, ègé aṣọ tí ó ṣẹ́kù ni a fi ń mọ̀ bí aránṣọ bá jalè. Ìdí tí mo fi béèrè náírà kan nìyẹn.” Mo dá a lóhùn pé ìbéèrè rẹ̀ tọ́, ìdáhùn tiwa ni kò tọ́. Ó mi orí. Ó sì ní kí n bá òun da páálí náà sí méjì, kí n mú ìdajì rẹ̀ lọ. Ó wà nínú àpótí mi títí di òní.

Ìyá Kékeré kò tíì padà sí ilé wa, n kò sì lè sọ pé yóò padà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọdún tuntun, àwọn àbúrò mi méjèèjì wá, wọ́n sì ti ọwọ́ bọ abọ́ kan náà pẹ̀lú wa. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà béèrè lọ́wọ́ Ìyá Kékeré ohun tí òun yóò fi náírà kan tí ó wà ní báńkì ṣe. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá Kékeré ní, “Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Ti bàbá yín ni.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń múra láti di olùkọ́, kò ní pẹ́ tí a ó fi tú ká sí ilé ẹ̀kọ́ káàkiri. Ọmọ kan yóò dìde ní ẹ̀yìn kíláàsì, yóò sì béèrè ohun tí ó kéré lójú wa, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi rẹ́rìn-ín. Yóò rọrùn fún wa láti wí pé ìwé ni ó sọ bẹ́ẹ̀, tàbí pé ẹ̀rọ ni ó sọ bẹ́ẹ̀, kí a sì ní kí ó da ìyókù nù kí a lè máa bá iṣẹ́ lọ. Mo ti sọ irú rẹ̀ rí, mo sì ti rí ohun tí ó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí a mú àtẹ, ẹ jẹ́ kí a mú àgbàdo, kí a jókòó ti ọmọ náà, kí a sì jọ pín in títí yóò fi ku ẹyọ kan ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí a rò pé ó kéré jù ni ó lè jẹ́ èyí tí ó ń yí gbogbo ìyókù po.